Iwájú Ford F-100 Ọdún 1956: Ìdí Tí N Kò Fi Yọ Áásù Àtijọ́ Kúrò

Gbogbo ẹni tí ó bá ń tún píkọ́ọ̀pù àtijọ́ kọ́ ni yóò dé orí ìbéèrè kan láìpẹ́: kí ni kí n fi sí abẹ́ iwájú ọkọ̀ yìí? Ìdáhùn tí a bá fún un ni yóò pinnu irú sítíárìn tí a ó lò, irú bíréèkì, ibi tí ẹ́ńjìnì yóò jókòó sí, bí ọkọ̀ yóò ṣe ga tó, àti bóyá a ó gé ṣáàsí, egungun irin tó gbé gbogbo ọkọ̀ ró, tàbí a kò ní gé e rárá. Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ bí mo ṣe rò ó, nígbà tí ṣáàsí Ford F-100 ọdún 1956 mi ṣì wà ní ìhòòhò, tí a kò tíì jó ohunkóhun mọ́ ọn.

Ọdún 1953 ni Ford bẹ̀rẹ̀ sí lo orúkọ F-100, ìran tí ọkọ̀ mi wà nínú rẹ̀ sì jáde láti ọdún náà títí di 1956. Gíláàsì iwájú ti 1956 ká wọ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, èyí tí àwọn tó ṣáájú rẹ̀ kò ní, mo sì gbà pé gíláàsì yìí ni ó fà mí mọ́ra ju ohunkóhun tí ó wà lábẹ́ ọkọ̀ lọ. Ohun tí ó wà lábẹ́ náà kò ṣòro láti yé ènìyàn. Irin áásù kan ṣoṣo, tí a rọ ní ìrísí lẹ́tà I, ni ó dábùú láti táyà ọ̀tún dé táyà òsì. Sípíríǹgì pẹlẹbẹ alápòpọ̀ méjì ni ó gbé ṣáàsí lé e lórí. Ní ìpẹ̀kun rẹ̀ méjèèjì, kíńpíìnì ni táyà ń yí lé lórí nígbà tí a bá ń darí ọkọ̀. Chevrolet náà lo irú áásù bẹ́ẹ̀ lábẹ́ píkọ́ọ̀pù wọn títí di 1959, nítorí náà púpọ̀ nínú ohun tí mo fẹ́ sọ yóò bá ẹni tó ní Chevrolet ìgbà náà mu.

Ẹ̀sùn tí wọ́n ń fi kan áásù yìí pọ̀. Wọ́n ní ó máa ń gbọ̀n, wọ́n ní ọkọ̀ kì í fẹ́ lọ tààrà, wọ́n ní ó ń ta ènìyàn sókè bí ẹni tó gun ẹṣin. Ó yẹ kí a ya àwọn ẹ̀sùn náà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, nítorí pé àwọn kan jẹ́ àbùdá áásù fúnra rẹ̀, àwọn kan sì jẹ́ ti ogbó lásán.

Èyí tí ó jẹ́ àbùdá rẹ̀ ni títa sókè. Irin kan ni ó so táyà méjèèjì pọ̀, nítorí náà bí ti òsì bá bọ́ sí kòtò, ti ọ̀tún yóò tẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Áásù náà tún wúwo, ìsàlẹ̀ sípíríǹgì ni ó sì wà, tí ó fi jẹ́ pé gbogbo ìwúwo yẹn ni ṣọ́ọ̀kì ní láti dá dúró nígbàkígbà tí táyà bá fò. Kò sí àtúnṣe tí yóò mú èyí kúrò pátápátá. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí píkọ́ọ̀pù rẹ̀ máa rìn lójú ọ̀nà gbágungbàgun gẹ́gẹ́ bí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ òde òní, kí ó má wulẹ̀ fi owó ṣòfò lórí áásù. Kí ó lọ ra kíìtì, ìyẹn àkójọ ẹ̀yà iwájú tí a ń rà láti fi rọ́pò áásù.

Gbígbọ̀n àti àìlọ tààrà ni ti ogbó, ibí ni mo sì ti yapa sí ọ̀pọ̀ àwọn tí ń gbani nímọ̀ràn. Ọkọ̀ tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, tí kò sẹ́ni tó fi gíríìsì sí kíńpíìnì rẹ̀ bó ṣe yẹ, kò lè má gbọ̀n. Láti mọ̀ bóyá kíńpíìnì ni, fi jáàkì gbé áásù títí táyà yóò fi kúrò nílẹ̀, fi ọwọ́ kan di orí táyà mú, fi èkejì di ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí o wá máa tì í, kí o sì máa fà á. Bí ó bá ń mì, ní kí ẹnì kan tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ kí o sì tún un ṣe. Bí mímì náà bá dáwọ́ dúró, béárìn táyà ni ó ń fẹ́ àtúnṣe. Bí ó bá ṣì ń mì, tí o sì ń rí i pé àyè ń ṣí tí ó sì ń pa dé láàrin áásù àti irin tó gbé táyà, kíńpíìnì tàbí búúṣì rẹ̀ (òrùka tí kíńpíìnì ń yí nínú rẹ̀) ti jẹ. Tèmi ṣí débi pé eékánná fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ ibẹ̀. Ẹni tó bá wa ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ tí ó wá sọ pé áásù kò dára, kíńpíìnì tó ti jẹ tán ni ó ń sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ohun kejì tí ń mú ọkọ̀ alááásù ṣáko lójú ọ̀nà ni caster. Bí a bá wo kíńpíìnì láti ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, orí rẹ̀ gbọ́dọ̀ fì sẹ́yìn díẹ̀ ju ìdí rẹ̀ lọ. Fífì yìí ni ó ń mú kí táyà fúnra rẹ̀ padà sí tààrà lẹ́yìn tí a bá ti yà. Bí ó bá kéré jù, ọkọ̀ yóò máa rìn gbéregbère, awakọ̀ kò sì ní sinmi; bí ó bá pọ̀ jù, sítíárìn yóò wúwo, pàápàá nígbà tí a bá ń wọ ibi ìgbọ́kọ̀sí. Àwọn iye tí ìwé àtijọ́ kọ sílẹ̀, fún táyà ayé ìgbà náà ni, wọn kò ronú nípa táyà radial tí a ń lò báyìí. Dígírì 4 ni èmi ń lépa, nítorí pé sítíárìn mi kò ní páńpù tí yóò ràn mí lọ́wọ́.

Ohun tí ọ̀pọ̀ kò kà sí ni pé ẹ̀yìn ọkọ̀ ń ṣàkóso caster iwájú. Láti àárín táyà iwájú F-100 yìí dé àárín táyà ẹ̀yìn, ínṣì 110 ni. Bí a bá gbé ẹ̀yìn sókè ní ínṣì 2 láìfọwọ́ kan iwájú, gbogbo ṣáàsí yóò dojú bolẹ̀ ní nǹkan bíi dígírì 1, caster yóò sì dín ní iye kan náà. Ẹni tó fẹ́ kí ìdí ọkọ̀ rẹ̀ ga, tí ó ra sípíríǹgì ẹ̀yìn tuntun, tí ó wá rí i pé ọkọ̀ tó ń lọ jẹ́ẹ́jẹ́ tẹ́lẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí ṣáko, ibí ni kí ó kọ́kọ́ wò. Àtúnṣe rẹ̀ kò wọ́n: irin pẹlẹbẹ tí a gé kí ẹ̀gbẹ́ kan nípọn ju èkejì lọ ni a máa ń fi sáàárín sípíríǹgì àti áásù láti dá a padà.

Ní ti kíìtì, èyí tí orúkọ rẹ̀ kì í wọ́n lẹ́nu àwọn tó ń tún ọkọ̀ kọ́ ni Mustang II. Ọkọ̀ kékeré tí Ford ṣe láti 1974 sí 1978 ni Mustang II. Iwájú rẹ̀ ní áàmù (apá irin tó di táyà mú) òkè àti ti ìsàlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, sípíríǹgì onílílọ́ wà láàrin wọn, ráàkì sítíárìn rẹ̀, ọ̀pá eléyín tí ń darí táyà sọ́tùn-ún sósì, sì wà níwájú ìlà àárín táyà. Gbogbo rẹ̀ kéré, kò gba àyè, orí irin ìdábùú kan ni ó sì kó ara jọ sí, èyí tí ó mú kí ó rọrùn láti gbé e lọ sábẹ́ ọkọ̀ mìíràn. Lónìí, àwọn díẹ̀ ni wọ́n ṣì ń lo èyí tí wọ́n tú lára Mustang II fúnra rẹ̀. Kíìtì tuntun tí wọ́n ṣe ní àfijọ rẹ̀ ni ó kún ọjà, oríṣiríṣi ni wọ́n sì jẹ́.

Áàmù ìsàlẹ̀ ni kí ènìyàn kọ́kọ́ yẹ̀ wò lára irú kíìtì bẹ́ẹ̀. Ti Mustang II gan-an tẹ́ẹ́rẹ́, bóòtù kan ṣoṣo ni ó so ó mọ́ ìdábùú, irin gígùn kan ni ó sì ti apá ẹ̀yìn wá dì í mú kí ó má baà sún nígbà tí a bá tẹ bíréèkì. Àwọn kíìtì tó dára fi áàmù ẹlẹ́sẹ̀ méjì, tí ẹsẹ̀ náà jìnnà síra dáadáa, rọ́pò rẹ̀, wọn kò sì nílò irin gígùn yẹn mọ́. Kíìtì tí ó bá ṣì ní áàmù tẹ́ẹ́rẹ́, tí wọ́n sì ti yọ irin gígùn náà kúrò kí ó lè dùn ún wò, n kò ní jẹ́ kí ó wọ abẹ́ ọkọ̀ tí èmi yóò jókòó sínú rẹ̀. Bákan náà ni ti díísìkì bíréèkì: ti Mustang II fi díẹ̀ lé ní ínṣì 9, ó sì yẹ fún ọkọ̀ kékeré, ṣùgbọ́n ti ínṣì 11 ni kí ẹni tó ní píkọ́ọ̀pù béèrè fún.

Ká ní kíìtì tó dára ni a rà, iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Irin ṣáàsí F-100 rí bíi lẹ́tà C, ẹ̀gbẹ́ inú rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Sípíríǹgì pẹlẹbẹ máa ń pín ìwúwo iwájú ọkọ̀ sí ojú méjì tó jìnnà síra lórí irin náà, nígbà tí kíìtì ń kó gbogbo rẹ̀ lé ojú kan ṣoṣo, tí ó sì ń gbìyànjú láti lọ́ irin náà sínú. Nítorí náà, a gbọ́dọ̀ fi irin pẹlẹbẹ dí ẹnu C náà kí ó lè di àpótí, kí a tó jó ìdábùú mọ́ ọn. Kí a tó jó o, a ó tẹ́ ṣáàsí sórí ìdúró kí ó wà ní gíga àti ìfì tí yóò wà nígbà tí ọkọ̀ bá parí. A ó fi okùn tó ní òjé nídìí sàmì àárín táyà sílẹ̀ láti ara áásù àtijọ́ kí a tó tú u. A ó wọ̀n láti igun dé igun, láti ọ̀tún iwájú dé òsì ẹ̀yìn àti láti òsì iwájú dé ọ̀tún ẹ̀yìn, títí iye méjèèjì yóò fi dọ́gba. Ẹni tó ń jó o kò gbọ́dọ̀ fa ìlà gígùn lẹ́ẹ̀kan. Kí ó jó díẹ̀ níhìn-ín, kí ó sún lọ sí òdìkejì, kí iná má baà fa ṣáàsí wọ́. Bí ìdábùú bá fì sí ẹ̀gbẹ́ kan, kò sí àláínmẹ́ǹtì tí yóò gbà á là lẹ́yìn náà.

Ibi tí ráàkì wà lè dá wàhálà mìíràn sílẹ̀. Nígbà tí táyà bá ń lọ sókè sódò, áàmù òkè àti ti ìsàlẹ̀ ń yí lórí ojú ìso wọn, táíròòdù, irin tó so ráàkì mọ́ táyà, náà sì ń yí lórí tirẹ̀. Bí ìpẹ̀kun inú táíròòdù kò bá bọ́ sórí ìlà tó so ojú ìso àwọn áàmù méjèèjì pọ̀, ọ̀nà yíyípo tí wọ́n ń tọ̀ kò ní bára mu, táyà yóò sì máa yà fúnra rẹ̀ nígbàkígbà tí ọkọ̀ bá kọlu gegele. Bump steer ni wọ́n ń pè é. A lè rí i kí ọkọ̀ tó kúrò lórí ìdúró: yọ sípíríǹgì, so irin pẹlẹbẹ tó gùn mọ́ ojú táyà, fi jáàkì gbé áàmù láti ìsàlẹ̀ dé òkè díẹ̀díẹ̀, kí o sì máa wọn iwájú àti ẹ̀yìn irin náà. Bí ìwọ̀n méjèèjì bá ń yàtọ̀ síra bí a ti ń gbé e, ráàkì ga jù, tàbí ó lọ sílẹ̀ jù, tàbí gígùn rẹ̀ kò bá kíìtì mu. Mo ti rí ọkọ̀ tó dùn ún wò gan-an tí ẹnikẹ́ni kò ṣe ìdánwò yìí lé lórí, awakọ̀ rẹ̀ kì í sì í mú ọwọ́ kan kúrò lórí sítíárìn.

Ó tún ku ti ẹ́ńjìnì. Páànù ọ́ìlì tí ikùn rẹ̀ wà níwájú, irú èyí tó wà lábẹ́ ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnì Ford 302 tí wọ́n yọ lára ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ àtijọ́, yóò kan ìdábùú, nítorí náà páànù tí ikùn rẹ̀ wà lẹ́yìn ni a ó wá. Òpó sítíárìn àtijọ́ náà kò ní wúlò mọ́, nítorí pé òun àti àpótí sítíárìn jọ jẹ́ ẹyọ kan ni. A ó wá òpó mìíràn àti ọ̀pá oríkèé tí yóò gba ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnì kọjá láìfara kan páìpù èéfín tó gbóná. Lẹ́yìn èyí ni ti bóòtù táyà. Ti F-100 jẹ́ márùn-ún lórí àyíká ínṣì 5.5, nígbà tí ti kíìtì sábà máa ń jẹ́ márùn-ún lórí 4.5 tàbí 4.75. Ẹni tí kò bá fẹ́ kí ríìmù iwájú yàtọ̀ sí ti ẹ̀yìn yóò pààrọ̀ áásù ẹ̀yìn pẹ̀lú. Báyìí ni ọ̀rọ̀ sípíríǹgì iwájú ṣe máa ń dé ìdí ọkọ̀.

Crown Victoria ni ọ̀nà kejì tí mo fara balẹ̀ wò. Láti 2003 ni Ford ti tún iwájú ọkọ̀ yẹn ṣe, tí wọ́n fi ráàkì sí i, tí gbogbo rẹ̀ sì jókòó sórí ìdábùú alumíníọ̀mù kan tí a fi bóòtù dì. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí títí wọ́n fi dáwọ́ ṣíṣe rẹ̀ dúró ní 2011. Ọkọ̀ ńlá ni, ìwúwo píkọ́ọ̀pù kò sì lè bá a lójijì. Bíréèkì rẹ̀ lágbára, nítorí pé irú rẹ̀ ni ọlọ́pàá Amẹ́ríkà lò nígbà náà, àwọn ẹ̀yà rẹ̀ sì ṣì wà lórí àtẹ. Bí ó bá jẹ́ F-100 àwọn ọdún 1960 tàbí 1970 ni mo ní, òun ni n bá mú láìronú lẹ́ẹ̀mejì. Fún ti 1956, ó fẹ̀ jù: mọ́gáàdì ọkọ̀ yìí yípo táyà pẹ́kípẹ́kí, àfi kí a lo ríìmù tí ojú rẹ̀ wọnú gan-an kí táyà má baà yọ síta. Irú ríìmù bẹ́ẹ̀ lára ọkọ̀ 1956 kò bá mi lójú mu, mo sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ojú lásán nìyẹn.

Àwọn kan máa ń gé iwájú ṣáàsí dànù, tí wọ́n ń jó ti Camaro tàbí Nova, àwọn ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ Chevrolet, mọ́ ọn. Ọ̀nà yìí ti wà tipẹ́ kí kíìtì tó pọ̀ lọ́jà, ó sì ṣeé ṣe kí ó rìn dáadáa lọ́wọ́ ẹni tó mọ iṣẹ́ wẹ́ẹ́dà dénú, ṣùgbọ́n ojú ìjórin nìkan ni ó máa ń wà láàrin awakọ̀ àti ewu, n kò sì rí ohun tó fi ju kíìtì lọ. Ti Plymouth Volaré, tó ní ọ̀pá lílọ́ tó dábùú dípò sípíríǹgì, lókìkí lábẹ́ F-100 nígbà kan. Ẹ̀yà ara rẹ̀ ti di àwátì. Ẹni tó bá sì gbé gbogbo kábù (ilé tí awakọ̀ ń jókòó sí) sórí ṣáàsí ọkọ̀ tuntun ti yanjú ìṣòro iwájú lóòótọ́, àmọ́ yóò lo àkókò tó kù lórí ìso kábù, ìso àpótí ẹrù àti ibi tí táyà yóò bọ́ sí lábẹ́ mọ́gáàdì.

Nígbà tí mo kó gbogbo rẹ̀ sórí òṣùwọ̀n, lílò ni mo fi dájọ́. Ọkọ̀ mi kò ní sá eré àsápajúdé, ẹ́ńjìnì rẹ̀ kò ní lágbára ju ohun tí ṣáàsí rẹ̀ lè gbé lọ, yóò máa gbé ẹrù nígbà mìíràn, yóò sì máa rìn jẹ́ẹ́jẹ́. Fún irú ìgbésí ayé bẹ́ẹ̀, áásù tí a tún ṣe dáadáa tó, ṣáàsí yóò sì wà láìgé, tí ẹni tó bá ni ọkọ̀ náà lẹ́yìn mi ṣì lè yàn fúnra rẹ̀. Kíńpíìnì àti búúṣì tuntun ni yóò kọ́kọ́ wọlé. Sípíríǹgì yóò di títú, n óò fọ ipata ara ewé kọ̀ọ̀kan (àwọn irin pẹlẹbẹ tó para pọ̀ di sípíríǹgì) dànù, n óò sì fi ike tẹ́ẹ́rẹ́ sáàárín wọn kí wọ́n lè máa yọ̀ lára ara wọn. Ewé tó ti gan mọ́ ara wọn jẹ́ ara ohun tí ń mú ọkọ̀ ta ènìyàn sókè, bí wọ́n tilẹ̀ ń di ẹ̀bi náà ru áásù. Ṣọ́ọ̀kì tuntun yóò tẹ̀lé e. Bí mo bá fẹ́ kí iwájú lọ sílẹ̀, áásù tí wọ́n rọ kí orí rẹ̀ méjèèjì ga ju àárín lọ ni n óò wá. Èyí ń sọ ọkọ̀ kalẹ̀ láìjẹ́ kí sípíríǹgì pàdánù àyè ìrìn rẹ̀, ó sàn ju yíyọ ewé kúrò lọ.

Bíréèkì nìkan ni n kò ní fi sílẹ̀ bí ilé iṣẹ́ ṣe ṣe é. Díísìkì yóò rọ́pò dúrọ́ọ̀mù níwájú, nítorí pé ó ṣeé so mọ́ irin tó gbé táyà láìyọ áásù, másítà sílíńdà (ibi tí pẹ́dàlì ti ń ti omi bíréèkì jáde) oníhò méjì yóò sì rọ́pò oníhò kan kí iwájú àti ẹ̀yìn má baà jọ kú pọ̀ bí páìpù kan bá jò. Abẹ́ ilẹ̀ kábù ni másítà sílíńdà F-100 yìí wà, ó sì rẹlẹ̀ débi pé omi bíréèkì lè máa ṣàn padà láti táyà sínú rẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ bá dúró. Fáàfù tí ń dá psi 2 (òṣùwọ̀n agbára tí omi fi ń ti páìpù) dúró ni a máa ń fi sí ọ̀nà díísìkì, ti psi 10 sì ni fún dúrọ́ọ̀mù ẹ̀yìn. Láìsí wọn, pẹ́dàlì yóò máa wọlẹ̀ ní ìtẹ̀ àkọ́kọ́ láàárọ̀, onímọ́tò yóò sì máa tú afẹ́fẹ́ jáde lára bíréèkì tí afẹ́fẹ́ kò sí nínú rẹ̀.

Ní báyìí, áásù náà ti kúrò lábẹ́ ọkọ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó ń lọ sọ́dọ̀ àwọn tí yóò wọ̀n ọ́n bóyá ó ti tẹ̀ tàbí ó ti lọ́. Bí ó bá tẹ̀ díẹ̀, wọn óò fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ padà ní tútù, láìfi iná kàn án. Bí ó bá lọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, n óò wá òmíràn irú rẹ̀. Àwọn irin pẹlẹbẹ fún caster ni n kò tíì jẹ́ kí wọ́n gé. Ìyẹn di ìgbà tí ẹ́ńjìnì, kábù, àpótí ẹrù àti táńkì epo tó kún bá ti wà lórí ṣáàsí, tí sípíríǹgì ẹ̀yìn tuntun sì ti jókòó dáadáa, nítorí pé iye tí a bá wọ̀n ṣáájú ìgbà náà yóò yí padà ni.